Bí A Ṣe Ń Wá Baba Ńlá Tó Wọ Lọ́jì

Àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn nínú ilé wa l'Ékòó tí ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn nígbà tí mo wà ní kékeré. Baba tó bí ìyá mi ló ni ín. Ìgbà tí a sin ìyá àgbà tán la tó ṣí i. A bá bàǹtẹ́ awọ funfun kan tí wọ́n fi sílíìkì aláwọ̀ ojú ọ̀run gbá létí, àmì ẹ̀yẹ fàdákà kan, àti àpòòwé tó kún fún rìsíìtì. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ká ránṣẹ́ pe pásítọ̀ kó wá dáná sun ún. Bí gbogbo ilé ṣe ń wo bàǹtẹ́ tẹ̀rù-tẹ̀rù, rìsíìtì ni mo ń kà ní tèmi.

Ohun tí rìsíìtì yẹn kọ́ mi ni mo fẹ́ kọ síbí. Àwọn ẹgbẹ́ awo tí à ń pè ní lọ́jì, bíi Freemason àti Ògbóni, a máa fi awo pamọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fi owó pamọ́. Ẹni tó bá san owó ìwọlé, akọ̀wé ti kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti àdúgbò tó ń gbé. Ẹni tí kò bá san owó ọdún, wọ́n kọ ìyẹn náà. Ipa owó ni kí ẹni tó ń wá baba ńlá rẹ̀ tọ̀.

Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó la ẹnu

Kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí pé ẹ rí nǹkan, ẹ ti ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, títí kan inú ìdérí àpótí. Mo mọ ilé méjì tí wọ́n ti jó ẹrù baba wọn kí ọmọ tó ń ṣèwádìí tó ti Ìbàdàn dé. Ẹ má fọ bàǹtẹ́, ẹ má lọ̀ ọ́. Awọ àgùntàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, omi á bà á jẹ́. Ẹ má fi nǹkan ha fàdákà kó lè dán, nítorí àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n lù sẹ́yìn rẹ̀ wúlò fún yín. Bí ó bá jẹ́ fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà kan wà nínú àwọn àmì yẹn tó ń sọ ọdún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àmì mìíràn sì ń sọ ìlú: ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ni ti Birmingham.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ bá àwọn àgbà. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé Baba wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn. Láyé òde òní, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì tó ń fi àdá ṣá ara wọn ni gbólóhùn yẹn jẹ́, ẹnu àgbà á sì pa dé. Ẹ béèrè báyìí: “Mọ́mì, àwọn wo ló wá síbi ìsìnkú Bàbá tí ẹ kò mọ̀ rí? Kí ni wọ́n wọ̀? Ṣé wọ́n ní kí ẹbí jáde kúrò nídìí òkú díẹ̀? Ọjọ́ wo lóṣù ni Bàbá máa ń pẹ́ wọlé? Ta ló máa ń wá gbé e?” Ìyá kan tó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa lọ́jì lè rántí pé Tọ́sìdé kejì oṣù ni ọkọ òun máa ń wọ kóòtù dúdú. Ìyẹn nìkan tó, nítorí lọ́jì kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ ìpàdé tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ wo gan-an ni?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Lójú ará ilé, Freemason, Ògbóni, Rosicrucian, gbogbo rẹ̀ ni “lọ́jì”. Bẹ́ẹ̀ ìwé wọn kò sí níbì kan náà: òmíràn wà ní London, òmíràn wà ní Dublin, òmíràn kò sì sí nínú ìwé rárá. Bí ẹ bá ṣi ẹgbẹ́ mú, ẹ lè fi ọdún méjì kọ lẹ́tà síbi tí wọn kò mọ baba yín.

Àmì Freemason ni irin onígun tí káfíńtà fi ń wọn igun, pẹ̀lú kọ́ńpáàsì tó yanu lé e lórí, nígbà mìíràn lẹ́tà G láàárín. Bàǹtẹ́ wọn dà bí ìwé kíkà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Funfun lásán, láìsí ohunkóhun lára rẹ̀, ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Òdòdó sílíìkì kékeré méjì ni ti ipele kejì. Òdòdó mẹ́ta pẹ̀lú etí aláwọ̀ ojú ọ̀run ni ti ẹni tó ti dé ipele kẹta. Bí ẹ bá wá rí àmì fàdákà tó dà bí lẹ́tà T tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò ní ipò àwọn òdòdó yẹn, baba yín ti jẹ ọ̀gá lọ́jì rí, iṣẹ́ ìwádìí yín sì ti dín kù, nítorí ìwé ìròyìn kì í sábà gbójú fo ọjọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀gá lọ́jì jẹ. Etí bàǹtẹ́ tó jẹ́ àwọ̀ mìíràn, bí àwọ̀ ewé, lè túmọ̀ sí pé lọ́jì abẹ́ Scotland ni, torí pé lọ́jì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ń yan àwọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n oníhò mẹ́ta tó so kọ́ra, tàbí àtẹ́lẹwọ́ tó ní ọkàn láàárín, Oddfellows nìyẹn. Orí àgbọ̀nrín tàbí fèrè ìwo pẹ̀lú lẹ́tà A.O.F. ni ti Foresters. Ẹgbẹ́ aláàjọ ni àwọn wọ̀nyí ju ẹgbẹ́ awo lọ: wọ́n ń dáwó, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń sin òkú. Ìtàn wọn pọ̀ jù ní Britain, ní West Indies àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, níbi tí Peter Ogden ti dá lọ́jì Oddfellows tàwọn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní New York ní 1843, lẹ́yìn tí àwọn funfun ibẹ̀ kọ̀ láti gbà wọ́n. I.O.G.T. ni ti Good Templars, àwọn tó búra pé àwọn kò ní mutí.

R.O.F. ni Reformed Ogboni Fraternity, èyí tí àlùfáà Áńgílíkà nì, T.A.J. Ogunbiyi, dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1914. Ẹgbẹ́ Ògbóni Kìrìsítẹ́nì ló kọ́kọ́ jẹ́, kó tó yí orúkọ padà kí Mùsùlùmí àti àwọn ẹlòmíràn lè wọ̀ ọ́. Ìyàtọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ wà láàárín òun àti Ògbóni ìbílẹ̀. R.O.F. ní akọ̀wé, ó ní rìsíìtì, ó sì ní nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́. Ògbóni ìbílẹ̀ ní ẹdan (ère idẹ wọn), ìtagbè (aṣọ ìléjìká wọn) àti ìlédì (ilé ìpàdé wọn), ṣùgbọ́n kò ní lẹ́jà.

Àwọn méjì kan wà tí wọ́n máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí ó bá jẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi pósítì ránṣẹ́ láti San Jose ní California lẹ ká mọ́ inú àpótí, AMORC ni, àwọn tí a mọ̀ sí Rosicrucian. Ilé ni ẹlòmíràn ti ń kà á láìwọ lọ́jì kankan rí. Bí Baba bá jẹ́ Kátólíìkì, tí ẹ sì rí idà àti aṣọ ìléjìká, ẹ fara balẹ̀. Ó lè jẹ́ Knights of St. Mulumba, tí Fada Anselm Ojefua dá sílẹ̀ ní Onitsha ní 1953. Ìjọ ni ìwé wọn wà, kì í ṣe lọ́jì.

Orúkọ wo ló ń jẹ́ nígbà yẹn?

Orúkọ tí ẹ mọ̀ ọ́n sí lè má jẹ́ èyí tó fi wọlé. Láàárín àwọn Sàró (àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé) àti Àgùdà (àwọn tó ti Brazil padà) Èkó, láti nǹkan bí 1880 títí wọ àwọn ọdún 1920, ọ̀pọ̀ ló ju orúkọ òyìnbó nù. David Brown Vincent ló di Mojola Agbebi. Dókítà Orisadipe Obasa ti jẹ́ George Stone Smith rí. Adeyemo Alakija, ẹni tó padà di Olórí Olúwo R.O.F., Placido Assumpção ni ìwé mọ̀ ọ́n sí títí di 1913. Ẹni tó wá “Alakija” nínú ìwé ọdún 1910 máa wá a tì.

Nítorí náà, ẹ kọ gbogbo orúkọ tí Baba jẹ́ rí sórí bébà kan: orúkọ ìsàmì, orúkọ àbísọ, orúkọ ilé, ìnagijẹ ọjà. Ẹ kọ bí akọ̀wé òyìnbó ṣe lè ṣì í kọ pẹ̀lú. “Ṣọlá” lè di Shola tàbí Sholla, “Ọ̀ṣínúbi” lè di Oshinubi. Ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìsàmì ló sábà ń so orúkọ méjèèjì pọ̀: fún Àgùdà, ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross l'Ékòó, fún Sàró, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì. Ẹ rántí Freetown náà. Sàró tó wọ lọ́jì lè ti wọ̀ ọ́ níbẹ̀ kó tó wálé, kó sì jẹ́ pé ńṣe ni lọ́jì Èkó gbà á bí ẹni tó ti ibòmíràn wá.

Bí a ṣe ń ka ìwé ẹ̀rí

Bí ẹ bá ní oríire láti rí ìwé ẹ̀rí Freemason, ọdún tó wà lórí rẹ̀ lè dẹ́rù bà yín. Àbúrò mi kan ní ayédèrú ni tiwa nítorí ó ní 5909. Ọjọ́ ìdásílẹ̀ ayé ni wọ́n fi ń kà á, A.L. ni wọ́n máa ń kọ síwájú rẹ̀: ẹ yọ 4000 kúrò, 5909 di 1909.

Nọ́ńbà lọ́jì ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Orúkọ lọ́jì lè jọra, nọ́ńbà kì í jọra lábẹ́ ilé ńlá (Grand Lodge) kan náà. Lagos Lodge, tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1860, 1171 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ìgbà ìkẹyìn tí London tún nọ́ńbà gbogbo lọ́jì tò ni 1863, nítorí náà nọ́ńbà lọ́jì Nàìjíríà kò yí padà lẹ́yìn náà. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ wà ní West Indies ṣáájú 1863 ló ní láti ṣọ́ra, torí lọ́jì kan náà lè ti jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta. Àkójọ kan tí John Lane ṣe, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, máa fi gbogbo nọ́ńbà tí lọ́jì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ti jẹ́ rí hàn yín, àti ilé tó ti ń pàdé.

E.C., S.C. tàbí I.C. lẹ́yìn nọ́ńbà ń sọ ilé ńlá tó bí lọ́jì: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland, tàbí Ireland. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní lọ́jì ní Nàìjíríà.

Ìwé orúkọ tó wà lókè òkun

Ọdọọdún ni lọ́jì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti owó wọn ránṣẹ́ sí London. Láti inú owó yẹn ni a fi ní ìwé ńláńlá tó wà ní Freemasons' Hall, Great Queen Street. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 1751 títí dé 1921 ti wà lórí Ancestry, ìkànnì ìwádìí ìdílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé àdúgbò ní Britain máa ń jẹ́ kí èèyàn lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Peckham. Wákàtí kan tó o. Ìwé ti Ireland, láti 1733 dé 1923, wà lórí Ancestry kan náà. Fún Scotland, ẹ kọ̀wé sí Grand Lodge ní George Street, Edinburgh.

Bí ẹ bá ń wá orúkọ, ẹ má kọ “Nigeria”. Ṣáájú 1914 kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lódindi. Ẹ kọ “Lagos”, kí ẹ sì tún gbìyànjú láìkọ ìlú rárá, nítorí lọ́yà àti dókítà tó kàwé ní London lè ti wọ lọ́jì níbẹ̀. Bí kò bá jáde, ẹ fi orúkọ sílẹ̀, kí ẹ wá lọ́jì, kí ẹ ka ojú ìwé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí mo ṣe rí tèmi nìyẹn. Ẹni tó tẹ ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà ti sọ “Ade” di “Abe”.

Fún ẹni tó wọlé lẹ́yìn 1921, ẹ kọ lẹ́tà sí Museum of Freemasonry, nínú ilé Great Queen Street yẹn kan náà. Ẹ má kọ ìtàn ìgbésí ayé. Orúkọ ní gbogbo ọ̀nà tí ó ti jẹ́ ẹ, ọdún ìbí ní ìfojúbù, iṣẹ́, ìlú, lọ́jì bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, àti pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yín. Ó tán. Bí lọ́jì náà bá ṣì ń pàdé l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, akọ̀wé rẹ̀ ló ni ìwé ìpàdé. Ẹ kọ sí òun náà, ẹ so fọ́tò ìwé ẹ̀rí mọ́ ọn. Ojú ọmọ ni wọ́n máa fi wò yín, bí ẹ kò bá béèrè ohun tó ń lọ nínú iyàrá.

Ìwé ìròyìn

Èmi fẹ́ràn apá yìí jù. Àwọn tí à ń pè ní ẹlẹ́gbẹ́ awo wọ̀nyí fẹ́ràn kí ìlú rí wọn. Wọ́n ń ṣe òde ijó tí òyìnbó ń pè ní “ball”, wọ́n ń tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bàǹtẹ́ nídìí, wọ́n ń sin ara wọn tìlù-tìfọn, ìwé ìròyìn a sì to orúkọ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Fún ìgbà Fikitóríà, ẹ wo Lagos Observer, Lagos Weekly Record ti John Payne Jackson àti Lagos Standard. Fún lẹ́yìn 1920, ẹ má fojú pa ti Yorùbá rẹ́: Èkó Àkéte, Yoruba News n'Íbàdàn láti 1924, Akéde Èkó ti I.B. Thomas láti 1928. Ìwé ìròyìn Yorùbá a máa pe òkú lóríkì, á sọ ilé tó ti wá àti orúkọ oyè rẹ̀, ohun tí ti Gẹ̀ẹ́sì kì í yà sí. National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní púpọ̀ nínú wọn, ilé ìkàwé Kenneth Dike nítòsí rẹ̀ náà ní, British Library sì ní ní London.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní ọdún kìíní. Ọjọ́ ikú ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ ogúnjọ́ oṣù kẹfà sí ìparí rẹ̀ àti ìparí oṣù Disẹ́ńbà lọ́dọọdún, torí ní àyájọ́ àwọn Jòhánù Mímọ́ méjèèjì ni Freemason sábà máa ń ṣe àjọ̀dún. Àlímánáàkì tí John Augustus Otonba Payne, akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́, ń tẹ̀ jáde l'Ékòó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún wúlò bákan náà fún ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú àti ọjọ́ ikú àwọn èèkàn.

Tí ó bá jẹ́ Ògbóni

R.O.F. rọrùn: ẹ lọ bá ìlédì tó sún mọ́ ilé Baba, ẹ mú nọ́ńbà tó wà lórí káàdì tàbí rìsíìtì rẹ̀ dání. Ohun mìíràn tún wà tí ènìyàn kì í rántí. Láti 1924 ni òfin ti fàyè gba ẹgbẹ́ láti ní ilẹ̀ lórúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ (trustees), orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ yẹn sì wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Lóde òní, Corporate Affairs Commission ló wà nídìí rẹ̀. Bí Baba bá jẹ́ ẹni ńlá nínú ẹgbẹ́, ẹ wò ó níbẹ̀.

Ògbóni ìbílẹ̀ kò ní ìwé, ṣùgbọ́n ó ní oyè, oyè sì máa ń lẹ̀ mọ́ ilé. Ẹ tẹ́tí sí oríkì, ẹ wo orúkọ agbo ilé: Ilé Apènà, Ilé Olúwo. Ẹ má kánjú o. Babaláwo náà ní Olúwo, orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Awó” sì sábà máa ń jẹ́ ti Ifá ju ti Ògbóni lọ. Ní Ìjẹ̀bú, Òṣùgbó ni ẹ máa gbọ́, kì í ṣe Ògbóni. Bí ẹ bá dé ìlédì, obì àti ìdọ̀bálẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ máa gbé kalẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè ẹni tó jẹ oyè Baba lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ni ìbéèrè tó bójú mu, torí pé bí a bá mọ ẹni tó gba oyè, a ó mọ ìgbà tí ó ṣófo. Ẹ tún béèrè ohun tí ẹbí san nígbà ìsìnkú. Wọ́n máa rántí. Àní iye àgbò ni wọ́n máa sọ.

Bahia àti Cuba

Àgùdà tí ìdílé rẹ̀ ti Salvador ní Bahia, Brazil, wá lè ní ìbátan nínú ẹgbẹ́ aláàjọ kan, Sociedade Protetora dos Desvalidos, tí Manoel Victor Serra, ọmọ Áfíríkà tó ń fi agbára rẹ̀ jẹun lójú pópó, ṣaájú nínú ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1832. Àpótí owó wọn ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, kí ẹnì kan má baà dá a ṣí. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà ní Pelourinho, ní Salvador, títí di òní. Ní Cuba, àwọn cabildo Lùkùmí, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀, ní láti forúkọ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ lábẹ́ òfin lẹ́yìn 1888. Archivo Nacional ní Havana, lábẹ́ Registro de Asociaciones, ni ẹ máa wá òfin wọn àti orúkọ olóyè wọn sí.

Ibojì àti ìwé ìhágún

Ẹ dé Ikoyi Cemetery. Ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá Ajele, itẹ́ òkú àtijọ́ l'Ékòó, ní tirẹ̀. Ìjọba ti wó o ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ òkúta lọ́jì sì bá a lọ. Nínú ìwé ìhágún, ní ọ́fíìsì probate ilé ẹjọ́ gíga l'Ékòó, ẹ wo àwọn ẹlẹ́rìí àti àwọn alámòójútó: bí mẹ́ta nínú wọn kì í bá ṣe ẹbí, tí wọn kì í sì í ṣe ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé orúkọ wọn padà sínú ìwé lọ́jì.

Òpó tó kẹ́yìn nínú ìwé ńlá

Nígbà tí ẹ bá rí Baba nínú ìwé London, ojú yín á lọ síbi ọjọ́ ìwọlé. Ẹ wo apá ọ̀tún pátápátá, níbi tí wọ́n ń kọ bí ó ṣe parí. “Died” yé gbogbo ènìyàn. “Resigned” túmọ̀ sí pé ó fúnra rẹ̀ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. “Excluded” ló máa ń já ẹbí láyà, wọ́n á rò pé ó dalẹ̀ awo, tàbí pé ó jalè. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ọdún ni kò san. Ohun tí wọ́n kọ sí iwájú orúkọ baba tó bí ìyá mi nìyẹn, ní 1921. Rìsíìtì inú àpòòwé náà sì dúró sí 1919. Ìyá àgbà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ọdún yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé.